Káàdì ìfìwéránṣẹ́ àtijọ́, ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Marina l'Ékòó: ọdún wo ni?

Àbẹ̀kẹ́ Bébà béèrè pé:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Káàdì ìfìwéránṣẹ́ kan wà nílẹ̀ yìí tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ wò. Mo wọ̀n ọ́n: mìlímítà 140 ní ìbú, 89 ní gíga. Iwájú rẹ̀ ní àwọ̀, wọ́n sì kọ "Marina, Lagos" sí ìsàlẹ̀. Òpópónà gbalasa kan ni, igi tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi wà lápá ọ̀tún, orí ṣọ́ọ̀ṣì kan sì yọ láàárín igi lápá òsì. Obìnrin mẹ́ta ru igbá àti agbọ̀n, ọkùnrin kan ṣí agboòrùn, ẹnì kan dúró ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn ló kọjú sí ẹni tó ń ya fọ́tò. Lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn kan wà tí wọ́n rí bí òjìji lásán, bí ìgbà tí ènìyàn fi ọwọ́ nù wọ́n.

Ẹ̀yìn rẹ̀: ìlà kan là á sí méjì, ọ̀rọ̀ wà lápá òsì, àdírẹ́sì kan ní Liverpool wà lápá ọ̀tún. Ẹnì kan ti ṣí sítáǹpù kúrò. Òǹtẹ̀ tó kù kò tó ìdajì, "LAG" nìkan ló hàn. Wọ́n tún fi pẹ́ńsù kọ "1898" sí igun.

Ṣé Káítẹ́dírà Marina nìyí? Ṣé òótọ́ ni 1898 yẹn? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ojúlówó ni tàbí àtúntẹ̀ òde òní? Ó tún ku bí màá ṣe gbé e sínú kọ̀ǹpútà, àti bí màá ṣe tọ́jú rẹ̀ tí òjò ọdún yìí kò fi ní bà á jẹ́.

Baba Òǹtẹ̀ fèsì:

Àbẹ̀kẹ́, ìlà tó la ẹ̀yìn káàdì yẹn sí méjì ti já irọ́ 1898. Kí ọdún 1902 tó dé, ilé ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí ẹnikẹ́ni kọ ọ̀rọ̀ sí ojú tí àdírẹ́sì wà. Àdírẹ́sì nìkan ló ni ẹ̀yìn. Ẹni tó bá fẹ́ kí èèyàn rẹ̀ á há ọ̀rọ̀ mọ́ etí funfun tó yí àwòrán ká. Jámánì gba káàdì oní-méjì yìí láàyè ní 1905, Amẹ́ríkà ní 1907. Nítorí náà wọn kò tíì lè tẹ káàdì tó wà lọ́wọ́ yín kí 1902 tó dé. Pẹ́ńsù yẹn, ọwọ́ ẹni tó ń tà á ni mo fura sí. Ọdún tó bá kéré máa ń mú kí owó pọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìyẹn sọ pé lẹ́yìn 1902 ni wọ́n ya fọ́tò náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni káàdì kọ̀ọ̀kan ní: ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán, ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ọjọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí mo ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibi tí wọ́n ti da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ló ti ń wá. Awo gíláàsì tí ayàwòrán fi ya fọ́tò kì í bà jẹ́ bọ̀rọ̀, wọ́n sì máa ń tẹ àwòrán kan náà léraléra fún ọdún mẹ́wàá, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn á kàn yí àwọ̀ àti lẹ́tà ìsàlẹ̀ rẹ̀ padà. N. Walwin Holm, tó kó iṣẹ́ fọ́tò rẹ̀ láti Àkárà wá sí Èkó ní 1896, ti ń yàwòrán níbí kí káàdì oní-méjì tó dé rárá. Fọ́tò ìgbà náà lè wà lórí káàdì 1908, kò sí ohun tó ní kó má rí bẹ́ẹ̀.

Ká ní sítáǹpù yẹn ṣì wà ni, ìdajì iṣẹ́ ì bá ti parí. Sítáǹpù tí wọ́n kọ Lagos sí wà láti 1874 títí di 1906, nígbà tí wọ́n da Èkó pọ̀ mọ́ Southern Nigeria. Láti ìgbà yẹn títí di 1913, Southern Nigeria ló máa ń wà lára rẹ̀. Láti 1914 ni "Nigeria" ti bẹ̀rẹ̀. Orí ọba náà ń sọ̀rọ̀, àmọ́ ó máa ń pẹ́ kó tó sọ ọ́. Ọba Edward Keje kú ní May 1910, síbẹ̀ orí rẹ̀ ṣì wà lórí sítáǹpù Southern Nigeria títí tí ti George Karùn-ún fi jáde ní 1912. Ẹ má fi ikú ọba ka ọdún sítáǹpù.

Ó di ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Christ Church ni orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tó wà ní Marina. Wọ́n fi ìpìlẹ̀ ti àkọ́kọ́ lélẹ̀ ní 29 March 1867. Èyí tí ẹ ń rí lónìí, tí a ń pè ní Káítẹ́dírà, Bagan Benjamin ló ya àwòrán ilé rẹ̀, ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì tó di Edward Kẹjọ lẹ́yìn náà ló fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 21 April 1925, iṣẹ́ kò sì parí títí di 1946. Ọdún mọ́kànlélógún gbáko. Nítorí náà, tí ẹ bá rí káàdì tí apá kan ilé ti dúró tí apá kejì kò tíì sí, àárín ọdún wọ̀nyẹn ni. Bí ohun tó yọ láàárín igi kò bá jọ ilé agogo òní rárá, ilé àkọ́kọ́ ni ẹ kọ́kọ́ fura sí, kí ẹ wá gbé e ti fọ́tò ilé àkọ́kọ́ yẹn. Ẹ wo bí òrùlé ṣe dà sílẹ̀, iye fèrèsé tó wà lára ògiri àti bí orí fèrèsé ṣe ṣe ṣóńṣó. Orúkọ tó wà nísàlẹ̀ káàdì kò tó ẹ̀rí, nítorí Marina gùn, ilé tó sì wà níbẹ̀ kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì nìkan.

Ohun kan tún wà. Omi wà lápá gúúsù Marina, ṣọ́ọ̀ṣì wà lápá ilẹ̀. Tí omi bá wà lọ́tùn-ún, tí ṣọ́ọ̀ṣì sì wà lósì bí ẹ ṣe wí, ẹni tó ya fọ́tò kọjú sí ọ̀nà Oníkan. Tó bá jẹ́ òdì kejì, Apọ́ngbọ̀n ló kọjú sí. Ẹ má lọ dúró síbẹ̀ lónìí kí ẹ máa wá ọ̀sà o. Wọ́n ti da iyanrìn sí ibẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1980, Outer Marina ló wà níbi tí omi ti ń lu etí ọ̀nà.

Lẹ́ńsì10 fèsì:

Kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ ọ̀tún àti òsì Bàbá gbọ́, ẹ rí i dájú pé wọn kò tẹ àwòrán náà ní òdìkejì. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé bá yí awo gíláàsì padà, ta ló fẹ́ mọ̀ ní Yúróòpù? Tí lẹ́tà bá wà lára ilé, ẹ ka lẹ́tà. Tí kò bá sí, ẹ ní kẹ̀kẹ́ nínú àwòrán yẹn, ẹ wo ṣéènì rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó ń gùn ún ni ṣéènì kẹ̀kẹ́ máa ń wà. Tó bá bọ́ sí òsì, wọ́n ti yí gbogbo Èkó padà nìyẹn.

Ní ti ojúlówó tàbí àtúntẹ̀: ẹ wá lẹ́ńsì tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá, irú èyí tí àwọn oníwúrà ń lò, ẹ gbé e súnmọ́ ojú gan-an, kí ẹ sì gbé káàdì lọ bá a, kì í ṣe kí ẹ gbé lẹ́ńsì lọ bá káàdì. Ojú ọ̀run ni kí ẹ wò, nítorí ibẹ̀ ni àwọ̀ ti fẹ́lẹ́.

Tó bá jẹ́ àmì róbótó kéékèèké tó tò lẹ́sẹẹsẹ bí ihò ajọ̀ lẹ rí, tí wọ́n jẹ́ dúdú tàbí àwọ̀ ilẹ̀ nìkan, tí àwọ̀ yòókù sì tẹ́ sórí wọn bí ìgbà tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, títẹ̀ àtijọ́ nìyẹn. Tí kò bá sí àmì tó tò, tó jẹ́ pé ó rún wẹ́wẹ́ bí awọ tó hunjọ, ìyẹn náà jẹ́ àtijọ́, kọlotáìpù ni wọ́n ń pè é, ó sì máa ń ṣe kedere ju ti àkọ́kọ́ lọ. Tí kò bá sí àmì kankan rárá, tí dúdú ń yọ́ wọ inú funfun, fọ́tò gidi ni wọ́n fọ̀ sórí bébà káàdì. Ẹ gbé irú èyí sí abẹ́ iná kí ẹ sì dẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: bó bá ti pẹ́, ibi tó dúdú jù létí rẹ̀ á máa dán bí fàdákà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí àmì búlúù, pupa, ìyeyè àti dúdú tí wọ́n yí ara wọn ká bí òdòdó, àtúntẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́.

Àyẹ̀wò kejì kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ mú iná tí àwọn oníṣòwò fi ń yẹ owó wò, ẹ ṣú iyàrá, kí ẹ tàn án sí ẹ̀yìn káàdì. Ó tó àwọn ọdún 1950 kí wọ́n tó máa da kẹ́míkà tó ń mú bébà funfun sí i dáadáa. Bébà tó ní i á tàn búlúù yòò bí ẹ̀wù funfun tí wọ́n fi ọṣẹ ìgbàlódé fọ̀. Bébà 1905 kì í tàn, á kàn dúró ní àwọ̀ ìpara bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rá kí ẹ tó ṣe é, nítorí ọ̀rá mìíràn máa ń tàn fúnra rẹ̀, á sì fún yín ní èsì èké.

Ìwọ̀n tí ẹ sọ dára. 140 ní 89 ni wọ́n ń lò nígbà náà. Káàdì òde òní sábà máa ń jẹ́ 148 ní 105, àwọn tó ń ṣe ayédèrú tó mọṣẹ́ sì máa ń gé e kúrú, nítorí náà ìwọ̀n nìkan kò tó.

Àwọn tó rí bí òjìji yẹn kì í ṣe àbùkù. Ẹni tó dúró jẹ́ẹ́ ló máa ń mú fọ́tò. Ẹni tó ń rìn kọjá nígbà tí kámẹ́rà ṣí ojú á di ẹ̀fúùfù. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó wà níwájú fi dúró gbọn-in tí wọ́n ń wò yín: wọ́n ní kí wọ́n dúró ni. Ẹ má fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sọ pé òpópónà dá nígbà náà. Ọjà lè kún, kí kámẹ́rà má rí i.

Àwọ̀ náà ńkọ́? Ẹ má gbà á gbọ́. Fọ́tò náà kò ní àwọ̀. Ilé ìtẹ̀wé òkè òkun, pàápàá ní Jámánì kí ogun 1914 tó bẹ́, ló kùn ún, àwọn tó sì kùn ún kò dé Èkó rí. Mo ti rí àdìrẹ tí wọ́n kùn ní pupa fòò, bẹ́ẹ̀ aró ni wọ́n rẹ ẹ́ sí. Tí ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ aṣọ, ẹ wo bí wọ́n ṣe ró o, bí wọ́n ṣe wé gèlè, ibi tí ìborùn dé. Ìyẹn ni kámẹ́rà rí.

Ìdó Junction fèsì:

Ẹ wò ó bóyá irin méjì tẹ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Tó bá wà, àárín 1902 sí 1913 ni, nítorí ìgbà yẹn ni ọkọ̀ ojú irin kékeré ń kó èrò láti Ìdó sọdá afárá Carter wọ erékùṣù. Ó tán.

Baba Òǹtẹ̀ fèsì:

Àbúrò, kò tán. Òótọ́ ni pé 1902 ló bẹ̀rẹ̀, tí wọn kò sì kó èrò mọ́ lẹ́yìn 1913. Ṣùgbọ́n wọn kò hú irin náà lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ṣì ń fi ojú irin kó ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú lẹ́yìn ìyẹn. Tí irin bá wà nínú àwòrán, ohun tó lè sọ ni pé kò ṣáájú ìgbà tí wọ́n tẹ́ irin. Kò lè sọ pé kò kọjá 1913. Tí irin kò bá sì sí, kò sọ nǹkan kan, nítorí kì í ṣe gbogbo òpópónà ló gbà kọjá. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ tó kún fún èrò nínú àwòrán, ìyẹn gan-an ló máa fún yín ní ọdún méjèèjì tí ẹ dárúkọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni òpó iná. Iná mànàmáná ti dé Marina kí ọ̀rúndún 19 tó parí, torí náà òpó kò lè ràn yín lọ́wọ́ láti ya 1900 sọ́tọ̀ kúrò lára 1920.

ỌmọPópóÀgùdà fèsì:

Èyí kò kan káàdì Àbẹ̀kẹ́ tààrà, ṣùgbọ́n ó máa wúlò fún ẹni tó ń kó káàdì ṣọ́ọ̀ṣì Èkó jọ. Tí ẹ bá rí káàdì ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ Faransé sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ronú nípa Holy Cross, ti àwa Kátólíìkì. Àwọn àlùfáà SMA (ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Kátólíìkì, Society of African Missions) láti Lyon ló ń darí iṣẹ́ ìjọ náà, wọ́n sì ń tẹ káàdì láti fi wá owó fún iṣẹ́ wọn nílé. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ náà, Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre wà lára àwọn ọ̀gá iṣẹ́ rẹ̀. Ilé tó wà níbẹ̀ báyìí kì í ṣe òun mọ́. Láti àwọn ọdún 1930 ni tuntun ti rọ́pò rẹ̀.

Ibi tí àwọn òǹtajà ti ń ṣìnà ni ọ̀rọ̀ "Bénin" tó máa ń wà lára káàdì wọ̀nyí. Wọ́n á tò ó mọ́ Ìlú Bìní, tàbí mọ́ orílẹ̀-èdè Benin tó múlé gbè wá. Kò kan èyíkéyìí nínú méjèèjì. "Côte de Bénin" ni orúkọ àgbègbè tí Róòmù fún àwọn àlùfáà náà, Èkó sì ni olú rẹ̀. Orílẹ̀-èdè Benin fúnra rẹ̀ ṣì ń jẹ́ Dahomey títí di 1975. Ẹni tó bá ń wá káàdì Èkó kó má gbàgbé láti wo abẹ́ "Benin" lọ́dọ̀ àwọn òǹtajà Faransé. Owó rẹ̀ máa ń rọjú níbẹ̀, nítorí ẹni tó ń wá a kò mọ̀ pé ibẹ̀ ló wà.

Ìyá Àpótí fèsì:

Kò sẹ́ni tó tíì dáhùn ìbéèrè tó kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ òun ló kánjú jù nítorí òjò.

Ẹ fọ ọwọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ má fi ìpara. Ẹ di etí káàdì mú, ẹ má fọwọ́ kan ojú rẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ fọ́tò gidi. Tí eruku bá wà, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ ni, láti àárín lọ sí etí. Ẹ má fi omi kàn án, ẹ má fi ìrésà pa 1898 yẹn rẹ́. Irọ́ ni lóòótọ́, àmọ́ ó ti di ara ìtàn káàdì náà, ìrésà sì máa ń ha ojú bébà.

Gbígbé e sínú kọ̀ǹpútà: ẹ lo sikánà pẹlẹbẹ, kì í ṣe irú èyí tó ń fa bébà wọnú. Ẹ nu gíláàsì rẹ̀. Ẹ yan 600 dpi (iye àmì tí sikánà ń kà nínú ínǹṣì kan) fún ẹ̀yìn káàdì. Fún iwájú, 1200. Káàdì tó ní àmì róbótó-róbótó tí ẹ bá ṣe ní 150 tàbí 200, ìgbì tí kò sí níbẹ̀ á hàn lójú ọ̀run bíi aṣọ ṣẹ́dà tó ń dán, nítorí àmì orí káàdì àti àmì sikánà ń forí gbárí. Ní 1200 kì í ṣẹlẹ̀, ẹ lè wá dín in kù lẹ́yìn náà. Ẹ ṣe ojú méjèèjì ní àwọ̀, kódà tí káàdì bá jẹ́ dúdú àti funfun, torí àwọ̀ yíńkì òǹtẹ̀ àti bí bébà ṣe pọ́n jẹ́ ẹ̀rí. Ẹ pa gbogbo àtúnṣe tí sikánà máa ń ṣe fúnra rẹ̀: kó má pọ́n ojú àwòrán, kó má yọ eruku, nítorí ó máa ń rò pé orí èèyàn tó wà lọ́ọ̀ọ́kán jẹ́ eruku. Ẹ fi í pamọ́ bíi TIFF, irú fáìlì àwòrán tó ń pa gbogbo rẹ̀ mọ́ láìdín in kù. Iwájú káàdì yín ní 1200 á tó nǹkan bíi 83 MB. JPEG ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn. Ẹ fi etí tó tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ yí i ká, kí ó hàn pé ẹ kò gé nǹkan kan.

Tí kò bá sí sikánà, fóònù náà ṣe é. Ẹ tẹ́ káàdì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́, kò gbọdọ̀ jẹ́ oòrùn tààrà. Ẹ pa fíláàṣì. Ẹ gbé fóònù lé ìwé tó ga ní ẹ̀gbẹ́ méjì, kó má mì, kó sì wo káàdì gbọọrọ. Tí igun rẹ̀ kan bá tóbi ju èkejì lọ nínú fọ́tò, fóònù ti dẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìtọ́jú: ọ̀rá polyester ni kí ẹ rà. Ọ̀rá PVC, èyí tó rọ̀ tó ń rùn bíi bọ́ọ̀lù tuntun, máa ń yọ òróró sára yíńkì, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má fi téèpù mú nǹkan kan, ẹ má ṣe lámínéètì láé, nítorí ooru àti gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò ṣe é yọ mọ́. Káńfọ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú àpótí. Píìnì àti agekuru irin máa ń dípẹtà. Tí ẹ bá fẹ́ kọ nọ́ńbà, ẹ kọ ọ́ sára àpòòwé kí ẹ tó ki káàdì sínú rẹ̀.

Ọ̀tá gan-an ni ọ̀rinrin. Tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá kọjá ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún, bébà á bẹ̀rẹ̀ sí í bu, Èkó sì ń kọjá ìyẹn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ wá ike tí ìdérí rẹ̀ le dáadáa, ẹ kó káàdì sínú rẹ̀ ní ìdúró, kí ẹ fi àpò silica gel sí i, irú èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà tó bá ti mumi yó. Ẹ gbé aago ọ̀rinrin kékeré sínú ike náà, kó má kọjá 50. Ọjọ́ tí oyé ń fẹ́ tàbí tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí mélòó kan ni kí ẹ dé e pa. Tí ẹ bá dé e pa lọ́jọ́ òjò, òjò lẹ ti mọ́ inú ike yẹn. Ẹ má gbé e sí ilẹ̀, ẹ má gbé e ti ògiri tó wà níta.

Àbẹ̀kẹ́ Bébà fèsì:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Àmì dúdú tò lẹ́sẹẹsẹ lójú ọ̀run, àwọ̀ búlúù sì tẹ́ sórí rẹ̀. Kò tàn lábẹ́ iná owó. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ wà ní ọ̀tún. Kò sí irin lójú ọ̀nà. Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tó hàn kò jọ ti òní rárá. Ṣé ọ̀nà kankan ṣì wà tí mo lè gbà rí ọdún tí wọ́n fi ránṣẹ́?

Lẹ́ńsì10 fèsì:

Ó wà. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tàn án láti ẹ̀gbẹ́, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn mọ́ bébà, ní iyàrá tó ṣókùnkùn. Òǹtẹ̀ irin máa ń tẹ bébà wọlé. Ibi tí sítáǹpù ti kúrò lè ní àmì tí ojú lásán kò rí, nọ́ńbà ọdún sì sábà máa ń wà ní ìsàlẹ̀ lábẹ́ ọjọ́ àti oṣù. Ẹ yí tọ́ọ̀ṣì ká díẹ̀díẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láti ìhà mẹ́rin. Tí gọ́ọ̀mù bá kù níbẹ̀, ẹ má ha á. Ẹ tún wo ilé ìfìwéránṣẹ́ Liverpool: nígbà mìíràn wọ́n á lu òǹtẹ̀ tiwọn sí i nígbà tó bá dé, ìyẹn kì í sì í bọ́ sórí sítáǹpù.

Tí ẹ bá gbé fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síbí, a ó jọ kà á.